Oorun àsùnwọra: ìdí tó fi yẹ kí ìkókó fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn

Ìròyìn kan tún ti ń ti orí fóònù kan bọ́ sí òmíràn, pé àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti rí ohun tó ń pa àwọn ìkókó tó sùn tí wọn kò jí mọ́. Ikú òjijì ọmọ ọwọ́ yìí làwọn dókítà ń pè ní SIDS. Oṣù Karùn-ún ọdún 2022 ni ìròyìn náà kọ́kọ́ jáde láti ìlú Sydney ní Ọsirélíà, ariwo rẹ̀ sì ju ohun tí wọ́n rí lọ. Carmel Harrington, tí ikú yìí ti pa ọmọ tirẹ̀ náà rí, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà ní gìgísẹ̀ àwọn ọmọ nígbà tí wọ́n bí wọn wò. Nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ 26 tí SIDS padà pa, èròjà kan tó ń jẹ́ butyrylcholinesterase kò ṣiṣẹ́ tó bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lára àwọn ọmọ tó yè. Ọmọ 26 kò pọ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn kò sì tó ohun tí dókítà lè fi nawọ́ sí ọmọ kan pé òun ló wà nínú ewu. Síbẹ̀, ibi tí ìwádìí náà ń tọ́ka sí ṣe pàtàkì, nítorí èròjà yẹn wà lára ohun tí ọpọlọ ń lò láti ta ọmọ jí.

Ọ̀rọ̀ jíjí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀. Bí ìró bá bo àgbàlagbà nímú lóru, á ṣẹ́ ẹ kúrò láìmọ̀, á tún máa sùn lọ. Bí ọmọ oṣù méjì bá dojú bolẹ̀ lórí fóòmù rírọ̀, èémí tó mí síta kì í tètè túká. Á ṣù sí àyíká imú rẹ̀, òun náà lá tún máa mí sínú. Afẹ́fẹ́ tó dára á máa dín lára rẹ̀. Ó yẹ kí ìdí ọpọlọ, níbi tó ti so mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, pariwo nígbà náà, kí ọmọ mí gúlegúle, kó yí orí padà, kó ké. Ọ̀pọ̀ ọmọ á ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ti àwọn díẹ̀, ariwo náà kò ní dún, tàbí kó pẹ́ kó tó dún.

Dókítà Hannah Kinney ní Boston ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí ọpọlọ àwọn ọmọ tó kú báyìí, ó sì rí i pé iṣẹ́ serotonin, tó wà lára ohun tó ń darí èémí àti jíjí, kò gún régé nínú ọ̀pọ̀ wọn. Ní 1994, òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Filiano, ṣàlàyé pé ohun mẹ́ta ló máa ń pàdé. Àkọ́kọ́ ni àìlera tó fara pamọ́ sára ọmọ. Èkejì ni ọjọ́ orí: láàárín oṣù kejì sí ìkẹrin ni ikú yìí pọ̀ jù, nǹkan bí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá rẹ̀ ló sì ń ṣẹlẹ̀ kí ọmọ tó pé oṣù mẹ́fà. Ẹ̀kẹta ni ohun tó ti ìta wá: ìdojúbolẹ̀, tìmùtìmù rírọ̀, ooru àpọ̀jù, èéfín sìgá. Ẹ̀kẹta yìí nìkan ni ọwọ́ wa tó.

Ní ilé kan ní Ibereko, lẹ́bàá títì tó lọ sí Àgbádárìgì, mo wo ìyá àgbà kan tó wá bá ọmọ rẹ̀ obìnrin wẹ ọmọ. Ọmọ náà pé ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án. Màmá náà ti fi òróró àgbọn pa á lára tán, ó ká ìró sí mẹ́rin, ó tẹ́ ẹ sórí fóòmù, ó sì da ọmọ délẹ̀ sí i, ó yí ojú rẹ̀ sí ògiri. Wọ́n ti mú iná lọ. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kó fẹ̀yìn lélẹ̀.”

Ó ní, “Á máa ta gìrì. Báyìí ló ṣe ń sùn dáadáa. Tó bá sì bì, ṣé kò ní pá a lórí ni?”

Òótọ́ ni màmá sọ. Ọmọ tó dojú bolẹ̀ ń sùn wọra, kì í sì í ta gìrì tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tó wọn oorun ọmọ nílé ìwòsàn pẹ̀lú rí i pé ó ṣòro láti jí i. Ohun tí inú wa ń dùn sí yẹn, ọmọ tó sùn lọ fọnfọn, ni ewu tó wà níbẹ̀. Títa gìrì ni ẹ̀ṣọ́ tí Ọlọ́run fi sára rẹ̀.

Ní ti kó pá a lórí, ẹ fọwọ́ kan ọ̀fun yín. Iwájú ni ọ̀nà èémí wà, ọ̀nà oúnjẹ wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ọmọ bá fẹ̀yìn lélẹ̀, ọ̀nà èémí á bọ́ sókè, ọ̀nà oúnjẹ á wà nísàlẹ̀. Ọmú tó bá ń padà bọ̀ ní láti gun òkè kó tó ráyè wọ ọ̀nà èémí, ọmọ á sì ti gbé e mì tàbí kó ti wúkọ́. Bó bá dojú bolẹ̀, ọ̀nà oúnjẹ ló wà lókè, ohun tó bá ti ibẹ̀ jáde á kàn ṣàn wá sí ẹnu ọ̀nà èémí ni.

Ẹ̀rù yìí kan náà ti ṣi àwọn ọ̀mọ̀wé lọ́nà. Dókítà Benjamin Spock, tí ìwé rẹ̀ lórí ọmọ títọ́ tàn káyé, gba àwọn ìyá nímọ̀ràn ní àwọn ọdún 1950 pé kí wọ́n máa dojú ọmọ bolẹ̀, nítorí èébì. Ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì àti ilé ìwòsàn ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà tẹ̀ lé e. Ní 1987 ni àwọn ará Netherlands bẹ̀rẹ̀ sí í kìlọ̀ lòdì sí i. New Zealand tẹ̀ lé wọn. Ní Bírítéènì, ọmọ Anne Diamond, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká orí tẹlifíṣọ̀n, kú lójú oorun ní oṣù Keje ọdún 1991, òun náà sì jà títí ìjọba fi bẹ̀rẹ̀ ìpolongo kí ọdún náà tó parí. Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1994. Níbẹ̀, ikú tí wọ́n kọ SIDS sí dín láti nǹkan bí 130 nínú 100,000 ọmọ ní 1990 sí nǹkan bí 38 ní 2020. Lóòótọ́, orúkọ mìíràn ni wọ́n wá ń kọ sí apá kan nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí abẹ́rẹ́ tàbí oògùn kankan tí wọ́n lò. Ẹ̀yìn ọmọ tí wọ́n fi lélẹ̀ ló ṣe èyí tó pọ̀ jù.

Lọ́dọ̀ tiwa, ta ló ń ka iye irú ikú yìí? SIDS ni orúkọ tó máa ń ṣẹ́ kù nígbà tí wọ́n bá ti yẹ òkú ọmọ wò, tí wọ́n yẹ ibi tó sùn sí wò, tí wọn kò rí ohun kan. Òfin àwọn olùwádìí ikú (coroner) tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2007 fẹ́ kí wọ́n wádìí ikú òjijì, ṣùgbọ́n òkú ọ̀fọ̀ ni òkú ìkókó; ọjọ́ náà gan-an la ń sin ín, ẹkún ìyá rẹ̀ kò sì tíì gbẹ tí aládùúgbò á ti máa sọ pé òun ló sùn lé e lórí. Àwọn mìíràn á ní àbíkú ni. A ti mọ̀ báyìí pé àìsàn inú ẹ̀jẹ̀, SS, wà nídìí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a sọ ní Málọmọ́ àti Dúrójayé. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ gbé wá láti inú oyún máa ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ SS fún bí oṣù mẹ́fà. Lẹ́yìn ìgbà náà ni SS ń gbára dì. SIDS ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá lọ nígbà yẹn. Àwọn kan á dá abẹ́rẹ́ àjẹsára lẹ́bi, torí pé ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìkẹwàá àti ìkẹrìnlá tí à ń gbà á bọ́ sí ìgbà kan náà. Wọ́n ti wádìí ìyẹn dáadáa, kì í ṣe abẹ́rẹ́.

Ibi tí mo ti ń rọra sọ̀rọ̀ ni ti sísùn pẹ̀lú ìyá. Àwọn dókítà Amẹ́ríkà ní kí ọmọ wà nínú yàrá ìyá rẹ̀, kó má sùn lórí ibùsùn kan náà. Àmọ́ àwọn ìdílé tó wá láti Gúúsù Éṣíà ní Bírítéènì ń bá ọmọ wọn sùn, SIDS sì kéré láàárín wọn ju ti àwọn aláwọ̀ funfun lọ. Àwọn ìyá wọn kì í sábà mu sìgá tàbí ọtí. Lójú tèmi, ẹní tiwa kò burú tó fóòmù rírọ̀, ìrọ̀rí àti aṣọ tí à ń kó yí ọmọ ká. Bí ààyè bá wà, kí ọmọ ní ẹní tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, kí ibẹ̀ le, kó tẹ́jú, kí ọmú wà nítòsí. Ọmọ tó ń mu ọmú ìyá rẹ̀ kì í tètè bọ́ sínú ewu yìí. Èéfín sìgá ni wọ́n ti wádìí. Ti ẹja tí à ń yan létí òkun ńkọ́? Èmi kò ní gbé ìkókó sítòsí rẹ̀.

Ohun kan kù tí mo sọ fún màmá náà. Bí ìyá ọmọ bá ti mú un mọ́ fífẹ̀yìn lélẹ̀, tí ẹlòmíràn wá dà á délẹ̀ lọ́jọ́ kan péré, ewu tọjọ́ yẹn ju ti ọmọ tí ìdojúbolẹ̀ ti mọ́ lára lọ. Gbogbo ẹni tó bá ń gbọ́mọ sùn ló gbọ́dọ̀ gbọ́.

Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀. Ó yọ ìró tó ká kúrò lábẹ́ ọmọ, ó yí i padà, ó mú abẹ̀bẹ̀. Ọmọ na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó kùn díẹ̀, ó tún sùn. Lẹ́ẹ̀mejì ló ta gìrì kí n tó dìde.