Àìsàn MS: Bí Dókítà Ṣe Ń Dá A Mọ̀, Oríṣi Rẹ̀ àti Ìtọ́jú Rẹ̀

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, bí ẹ bá ń ṣe ògbufọ̀ fún àgbàlagbà Yorùbá kan ní Springdale, lágbègbè Toronto, ẹ lè gbọ́ orúkọ àìsàn tí a kì í sábà gbọ́ nílé: multiple sclerosis, ìyẹn MS. Àwọn tó ní in ní Kánádà lé ní 90,000. Ẹ má pè é ní àìsàn òyìnbó o. Aláwọ̀ dúdú náà ń ní in.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀? Àwọn ọmọ ogun ara, tó yẹ kí wọ́n máa bá kòkòrò àìsàn jà, ló ń ba èèpo iṣan ọpọlọ àti ti ọ̀pá ẹ̀yìn jẹ́. Bí rọ́bà ara wáyà iná bá bó, ṣé iná á lọ dáadáa? Ojú á máa ṣe bàìbàì, ẹsẹ̀ á máa kú, á sì máa rẹ èèyàn. Iṣan yìí kì í ṣe iṣan ẹ̀jẹ̀ o. Ẹ là á yé wọn.

Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo tó lè fi í hàn. Dókítà á bi ìbéèrè, á lo ẹ̀rọ MRI, ó sì lè fa omi láti inú ọ̀pá ẹ̀yìn. Ìlànà McDonald ti 2001, tí wọ́n ti tún ṣe lọ́pọ̀ ìgbà, ní kí wọ́n wá ẹ̀rí pé ọgbẹ́ wà níbi púpọ̀, ó sì ṣẹlẹ̀ nígbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìdí nìyí tí ìbéèrè "Ṣé ó ti ṣe yín rí?" fi ṣe pàtàkì. Bí màmá bá ní ojú òun ṣú lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, tó sì là padà, ẹ má gé e kúrú!

Oríṣi mẹ́rin ló wà. Èkíní ni ìkọlù àkọ́kọ́, tí a ò tíì lè fi gbogbo ẹnu pè ní MS. Èkejì, tó wọ́pọ̀ jù, ń dé, ó ń lọ. Ẹ̀kẹta ni èyí tó ti ń dé tó ń lọ tẹ́lẹ̀, tó wá ń le sí i díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀kẹrin ń le sí i láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní ti oògùn, sítẹ́rọ́ọ̀dù máa ń mú kí ìkọlù tètè rọlẹ̀. Interferon beta, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1993, ń dín iye ìkọlù kù. Ní 2017 ni wọ́n fọwọ́ sí ocrelizumab, oògùn àkọ́kọ́ fún oríṣi kẹrin. Ibùdó BARLO wà fún àwọn aláìsàn MS ní ilé ìwòsàn St. Michael's, Toronto.

Ṣùgbọ́n títí di òní, kò tíì sí èyí tó ń wò ó sàn pátápátá. Nítorí náà, "ìtọ́jú" ni kí ẹ sọ, ẹ má sọ pé "ìwòsàn". Ẹni tó bá rò pé òun ti sàn lè jáwọ́ nínú oògùn, ewu sì nìyẹn.