Bí iwájú ọkọ̀ fóò-wíìlì bá ń gbọ̀n, ẹ wádìí ẹ̀ kẹ́ ẹ tó náwó

Lágbègbè Ìgànná, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìwájówà nípìnlẹ̀ Ọ̀yọ́, ẹni tó bá ń ra iṣu, ẹ̀gẹ́ tàbí kajú lóko mọ̀ pé ọkọ̀ fóò-wíìlì kì í ṣe ọkọ̀ fáàrí. Òun ló ń wọ oko lásìkò òjò, nígbà tí ọkọ̀ mìíràn bá ń rì sẹ́rẹ̀. Ọkọ̀ yìí kan náà ló tún máa gbé ẹrù gba Òkèhò lọ sí Ìsẹ́yìn, kó tó forí lé Ìbàdàn.

Ibẹ̀ gan-an ni àṣírí ti máa ń tú. Lọ́nà oko, eré ọkọ̀ ò pọ̀, kò sẹ́ni tó máa tètè mọ̀ pé nǹkan ti bà jẹ́. Àmọ́ tó bá dé ọ̀nà Ìsẹ́yìn sí Mọ́níyà, tí ìjọba Gómìnà Ṣèyí Mákindé tún ṣe, tí awakọ̀ sì sáré dé bíi 80 sí 100 kìlómítà ní wákàtí kan, sítíárìn á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́wọ́ ẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò máa ń ṣe ni pé wọ́n á ra ṣọ́ọ̀kù tuntun, wọ́n á tún ra táírọ́ọ̀dù, síbẹ̀ ọkọ̀ á ṣì máa gbọ̀n. Owó ọjà á ti wọlé páàtì. Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ kì í bẹ̀rẹ̀ báyẹn. Ohun tó máa kọ́kọ́ bi awakọ̀ ni pé: ìgbà wo ló ń gbọ̀n?

Tó bá jẹ́ pé ìgbà tí ọkọ̀ bá ń sáré nìkan ni, táyà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ fọ ẹrẹ̀ tó ti gbẹ mọ́ inú wíìlì kúrò, torí ẹrẹ̀ tó wà lápá kan nìkan tó láti mú táyà gbọ̀n. Omi lásán nìyẹn máa ná yín. Lẹ́yìn náà, ẹ wò ó bóyá táyà wú níbì kan. Ẹ gbé táyà iwájú sẹ́yìn, kẹ́ ẹ gbé tẹ̀yìn síwájú. Bí gbígbọ̀n náà bá kúrò lọ́wọ́ sítíárìn, tó wá di ìdí àga ni wọ́n ti ń mọ̀ ọ́n, a jẹ́ pé táyà tàbí wíìlì ló ń dààmú yín. Ẹ jẹ́ kí fọkanáísà tó ní ẹ̀rọ bálánsì wọn. Aláínmẹ́ǹtì yàtọ̀ sí èyí o: ọkọ̀ tó ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tàbí tó ń jẹ táyà lójú kan ló wà fún.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra táyà, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn àwọn lẹ́tà DOT lára ẹ̀. 2319 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é.

Tó bá jẹ́ ìgbà tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì nìkan ló ń gbọ̀n, dísìkì bíréèkì iwájú ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò.

Tó bá jẹ́ ìgbà tẹ́ ẹ bá ki fóò-wíìlì nìkan ni, ẹ wo ṣáfútì tó lọ síwájú àti àwọn oríkèé ẹ̀, bóyá gírísì ti tán níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ yín bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń ki fóò-wíìlì ẹ̀ lásìkò tí wọ́n bá nílò ẹ̀, ẹ má kì í lórí ọ̀dà gbígbẹ. Táyà iwájú àti tẹ̀yìn kì í rin ìrìn kan náà ní kọ́nà, jíà á sì máa bára wọn fa wàhálà.

Èyí tó léwu jù ni ti ọkọ̀ tó ní ásù gbọọrọ kan níwájú, bíi Toyota Land Cruiser oríṣi 70. Tó bá já sí kòtò, iwájú ẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í jìgìjìgì, kò sì ní dá a dúró àfi tí eré bá lọ sílẹ̀. Ẹ má tẹ bíréèkì lójijì. Ẹ di sítíárìn mú, ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná, kẹ́ ẹ rọra yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nǹkan kan ti dẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá kàn pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kù sítíárìn ń bo egbò mọ́lẹ̀ ni.

Láti mọ ohun tó dẹ̀, ẹ fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀, kẹ́ ẹ fi irin tó dúró dáadáa gbè é lẹ́sẹ̀. Ẹ di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ mì í. Tó bá ń mì, kí ẹnì kan tẹ bíréèkì. Bí mímì náà bá dáwọ́ dúró, bẹ́árìn wíìlì ni. Bí kò bá dáwọ́ dúró, oríkèé tí táyà fi ń yí ni. Tó bá jẹ́ ọ̀tún àti òsì lẹ dì mú tó fi ń mì, táírọ́ọ̀dù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò.

Ẹ pààrọ̀ nǹkan kan lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ wa ọkọ̀ wò, kẹ́ ẹ tó ra òmíràn. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Owó tẹ́ ẹ bá fi ra páàtì tí kò bà jẹ́, iṣu ló yẹ kẹ́ ẹ ti fi rà.