Ìrànlọ́wọ́ Àjèjì àti Àdéhùn Àlàáfíà: Ọ̀ràn Èkó ní Ọdún 1851

Ní àìpẹ́ yìí, àwa akẹ́kọ̀ọ́ mélòó kan jọ lọ kí àgbà kan ní Àìlégùn, ní agbègbè Òṣòdì àti Ìsọlọ̀. Bí a ti jókòó ni ọ̀rọ̀ ogun tí Rọ́ṣíà gbé wọ ilẹ̀ Ukraine ní oṣù kejì ọdún 2022 bẹ́ sílẹ̀ láàárín wa. Àwọn kan wí pé ìlú tí a bá gbógun tì lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ìbọn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ fún un. Àwọn yòókù dáhùn pé kò sí àjèjì tí í fúnni ní ìbọn lásán, àti pé ó sàn kí a tètè jókòó, kí a sọ̀rọ̀. Ohùn wa ròkè. Bàbá náà gbọ́ tiwa títí, lẹ́yìn náà ni ó béèrè pé: “Ẹ̀yin ọmọ mi, Òṣòdì tí ẹ gbà kọjá wá síbí, ṣé ẹ mọ ẹni tí ó ń jẹ́ orúkọ náà?” Ojú tì wá díẹ̀. Olùkọ́ ni a fẹ́ jẹ́, síbẹ̀ a ń jiyàn lórí ogun òkèèrè, a kò sì rántí èyí tí ó jà ní ilé wa.

Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ ṣàlàyé ọ̀ràn náà fún ẹ̀yin òǹkàwé wa.

Ní ọdún 1841 ni Akítóyè jọba ní Èkó. Kòsọ́kọ́, ọmọ Ọba Oṣinlókun, tí í ṣe ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wà ní ìlú Wídà ní ìgbèkùn nígbà náà. Akítóyè ránṣẹ́ pè é wálé, ó sì fi í jẹ Ọlọ́jà Èrèkò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Ẹlẹ́tù Òdìbò kò fẹ́ bẹ́ẹ̀ rárá. Kò pẹ́ tí ogun fi bẹ́ sílẹ̀. Ní ọdún 1845, nínú ìjà tí àwọn ará Èkó ń pè ní Ogun Olómirò, Kòsọ́kọ́ lé Akítóyè kúrò lórí oyè. Balógun rẹ̀ ni Òṣòdì Tápà, ọmọ Tápà tí ó ti wà ní agbo ilé Oṣinlókun láti kékeré. Ìtàn sọ pé Òṣòdì yìí kan náà ni ó mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí Akítóyè gba ọ̀nà Agbóyi sá lọ, tí ó sì wí fún olúwa rẹ̀ pé oògùn ọba náà ni ó borí òun.

Akítóyè sá lọ sí Abẹ́òkúta, lẹ́yìn náà ó lọ sí Àgbádárìgì, níbi tí àwọn míṣọ́nnárì wà. Níbẹ̀ ni ó ti bẹ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pé kí wọ́n dá òun padà sórí oyè bàbá òun, òun yóò sì fòpin sí òwò ẹrú. Ó yẹ kí a sọ òtítọ́ níhìn-ín: nígbà tí òun fúnra rẹ̀ wà lórí oyè, òwò ẹrú kò dúró ní Èkó. Àwọn míṣọ́nnárì gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ rò, nítorí ẹ̀rù Dàhòmì ń bà wọ́n. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta ọdún 1851 ni ogun Gezo, ọba Dàhòmì, dé ẹnu odi Abẹ́òkúta, tí àwọn Ẹ̀gbá sì lé e padà. Ní ọdún yẹn kan náà ni Samuel Crowther lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, tí ó sì ṣàlàyé ọ̀ràn náà fún Lord Palmerston. Àwa tí ilé ẹ̀kọ́ míṣọ́n ń tọ́ kò lè fi ojú kékeré wo Crowther, ẹni tí a kó lẹ́rú ní ọmọdé. Ẹni tí ẹ̀wọ̀n ti wà lọ́rùn rẹ̀ rí kì í bá olówò ẹrú sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ti ṣe àlàáfíà náà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1851, Beecroft, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, lọ bá Kòsọ́kọ́ pé kí ó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Kòsọ́kọ́ dáhùn pé abẹ́ Ọba Bìní ni òun wà, àti pé òun kò fẹ́ ìbárẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọjọ́ 25 oṣù náà, àwọn ọkọ̀ ogun wọ ọ̀sà wá pẹ̀lú àsíà funfun, èyí tí í ṣe àmì àlàáfíà. Ìbọn sì wà nínú wọn. Àwọn ará Èkó yìnbọn, wọ́n sì lé wọn padà. Ta ni kì bá ṣe bẹ́ẹ̀? Nígbà tí ọdún Kérésìmesì kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn Gẹ̀ẹ́sì padà dé pẹ̀lú agbára tí ó ju ti ìṣáájú lọ. Ìró àgbá wọn ni ó mú kí àwọn ará Èkó sọ ìjà náà ní Àgídìngbì. Apá púpọ̀ nínú ìlú jóná, Kòsọ́kọ́ àti Òṣòdì pẹ̀lú àwọn ènìyàn wọn sì gba ojú omi sá lọ sí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú.

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1852, Akítóyè fọwọ́ sí àdéhùn: kò gbọdọ̀ sí òwò ẹrú mọ́, kò gbọdọ̀ sí fífi ènìyàn rúbọ, a ó sì fàyè gba àwọn oníṣòwò àti àwọn míṣọ́nnárì. Ọ̀rọ̀ rere ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọba tí ọkọ̀ ogun àjèjì gbé gorí oyè kò lè sọ pé kí ọkọ̀ náà máa lọ. Akítóyè wàjà ní ọdún 1853. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún 1861, ọkọ̀ ogun tí ń jẹ́ Prometheus wà ní ọ̀sà nígbà tí Dòsùnmú, ọmọ rẹ̀, fọwọ́ sí ìwé tí ó sọ Èkó di ti Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì. Owó tí wọ́n ṣèlérí fún un lọ́dọọdún ni 1,200 àpò owó ẹyọ.

Níbi yìí ni ẹgbẹ́ kejì nínú wa ti rò pé àwọn ti borí. Síbẹ̀ a kò lè gbà fún wọn tán. Bí Èkó bá wà bí ó ti wà, ta ni ì bá gbẹnu sọ fún àwọn tí a ń dè mọ́lẹ̀ sínú ọkọ̀ lọ sí Bràsíìlì? Ẹ wo Etiópíà pẹ̀lú. Nígbà tí Ítálì gbógun wọ̀ ọ́ ní oṣù kẹwàá ọdún 1935, àwọn orílẹ̀-èdè sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò tilẹ̀ dá epo tí ọkọ̀ ogun Ítálì ń jó dúró. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 1936, Haile Selassie dúró ní Geneva, ó rojọ́ ilẹ̀ rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó dìde. Nígbà tí ó fi padà wọ Addis Ababa ní ọdún 1941, àwọn ọmọ ogun láti Nàìjíríà wà lára àwọn tí ó jà ní ilẹ̀ náà. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ìrànlọ́wọ́ ni ìdẹkùn. Ohun tí a rò pé ó yẹ kí a wò ni ẹni tí ó di ìwé àdéhùn mú, àti bóyá ẹni tí a ràn lọ́wọ́ lè sọ pé “ó tó” kí a sì gbọ́ tirẹ̀.

Kòsọ́kọ́ ní tirẹ̀ sọ ọ́ lọ́nà tí ó yà wá lẹ́nu. Láti Ẹ̀pẹ́ ni ó ti ń yọ Èkó lẹ́nu, tó bẹ́ẹ̀ tí Campbell, kọ́ńsù Gẹ̀ẹ́sì, fi ní láti bá a jókòó. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ọdún 1854 ni wọ́n parí ọ̀rọ̀: Kòsọ́kọ́ jọ̀wọ́ oyè Èkó, ó sì kọ òwò ẹrú, àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà gbà pé Palma àti Lẹ́kí jẹ́ èbúté rẹ̀, wọ́n sì ń fún un lówó lọ́dọọdún. Ẹni tí a fi àgbá lé nílé gba ohun tí ẹni tí a fi àgbá gbé gorí oyè kò rí gbà, nítorí pé ó ṣì ní ọkọ̀ ojú omi àti jagunjagun nígbà tí ó jókòó sọ̀rọ̀.

Ní ọdún 1862 wọ́n gbà kí ó padà wálé. Òṣòdì Tápà bá a padà pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ènìyàn, wọ́n sì fún wọn ní ilẹ̀ ní Erékùṣù Èkó. Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ni a ń pe ibẹ̀ títí di òní, nítorí pé láti Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti wá tẹ̀dó síbẹ̀. Níbẹ̀ ni Òṣòdì gbé títí ó fi kú ní ọdún 1868.