Ìdánìkanwà, Ìfẹ́sọ́nà, àti Ìwòsàn Ọkàn

Àwọn tí ń wá sí ilé àlùfáà ní alẹ́ pọ̀, ohun tí wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ wí ni pé kí a bá àwọn gbàdúrà fún ọkọ, tàbí fún aya. A kì í kọ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n bí a bá fún wọn ní àga, tí a sì jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ pẹ́, a máa ń rí i pé ọ̀rọ̀ mìíràn ni ó wà ní ìsàlẹ̀: ìyá tí ó kú ní èṣí, àfẹ́sọ́nà tí ó yí ọkàn padà lẹ́yìn tí a ti ṣe ìtọrọ tán, tàbí yàrá kan ní Èkó níbi tí kò sí ẹni tí yóò béèrè bí ènìyàn ti jí. Ọgbẹ́ ni wọ́n gbé wá. Àìní ọkọ ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Nípa ọgbẹ́ yìí ni a fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ìtìjú kúrò. Nínú ìwé Jẹ́nẹ́sísì, kí ẹ̀ṣẹ̀ tó wọ ayé rárá, ni Ọlọ́run ti rí i pé kò yẹ kí ọkùnrin náà máa dá wà. Nítorí náà ẹni tí ìdánìkanwà ń yọ lẹ́nu kò dẹ́ṣẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kéré. Ebi ni, gẹ́gẹ́ bí ebi inú. Kì í sì í ṣe ẹni tí ó ń dá gbé nìkan ni ebi yìí ń pa. Ènìyàn lè wà nínú agbo ilé tí ó kún fọ́fọ́, kí ó má sì rí ẹni finú hàn. Ní ọdún 2025 Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé nínú ènìyàn 6 ní ayé, 1 ni ìdánìkanwà ń bá fínra, àti pé ó ń mú àwọn ọ̀dọ́ gidigidi. Àwọn bàbá wa sì ti wí pé ènìyàn ni aṣọ. Ẹ kíyè sí òwe náà dáadáa. Kò wí pé ọkọ ni aṣọ, kò sì wí pé aya ni aṣọ. Ènìyàn ni ó wí.

Ẹ wo ọmọdékùnrin kan tí gbogbo yín mọ orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 1821 ni ogun kó Àjàyí ní Òṣoògùn. A yà á kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, a sì ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́. Òun fúnra rẹ̀ ròyìn nínú ìwé tí ó kọ ní ọdún 1837, pé ìrẹ̀wẹ̀sì náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí òun fi ọ̀já so ọrùn ara òun ní òru, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n òun kò ní ìgboyà láti fà á le. Bíṣọ́ọ̀bù Crowther nìyí, ẹ̀yin ará! Ní ọdún 1822 ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ ẹrú tí ó wà nínú rẹ̀, a sì gbé e lọ sí Sierra Leone. Kí ni a fi tọ́jú ọkàn rẹ̀ níbẹ̀? Kì í ṣe aya ni a kọ́kọ́ fi fún un. Ilé ẹ̀kọ́ ni, àti àwọn tí wọ́n fi sùúrù kọ́ ọ ní ìwé, àti iṣẹ́ káfíńtà, àti ìjọ Ọlọ́run, nínú èyí tí a ti ṣe ìrìbọmi fún un ní ọdún 1825. Ní ọdún 1829 ni ó tó gbé Àsánò níyàwó, ẹni tí a gbà là kúrò nínú oko ẹrú bíi tirẹ̀. Ohun tí ó ṣòroó ṣàlàyé fún ẹlòmíràn, kò sí ìdí láti ṣàlàyé rẹ̀ fún Àsánò.

Síbẹ̀, ní ọdún 1846, lẹ́yìn ọdún 25, ó tún rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ó ti di ọkọ, ó ti di bàbá, ó ti di àlùfáà. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn méjèèjì di ara wọn mú, ẹnu wọn wọ, omijé sì ń ṣàn. Bí aya rere bá lè dí àyè ìyá, kí ni ẹkún ọjọ́ náà wá ṣe?

Bóyá ẹnìkan yóò wí pé, Ísáákì ha kò rí ìtùnú lọ́dọ̀ Rèbékà lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀ bí? Ó rí i; a kò sẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ ka ọdún rẹ̀. Ẹni ọdún 90 ni Sárà nígbà tí ó bí i, ẹni ọdún 127 sì ni nígbà tí ó kú. Ísáákì jẹ́ ẹni ọdún 37 nígbà náà. Ẹni ọdún 40 ni nígbà tí ó gbéyàwó. Bí ọdún 3 ni ó fi wà pẹ̀lú ìbànújẹ́ rẹ̀, inú pápá ni ó sì wà ní ìrọ̀lẹ́, tí ó ń ṣe àṣàrò, nígbà tí àwọn ràkúnmí yọ. Ẹni tí ó fẹ́ ọkọ kí ẹkún lè dá, bí ẹkún kò bá dá, ọkọ ni yóò dá lẹ́bi.

Alárinà gidi ni ìránṣẹ́ Ábúráhámù. Omi ni ó tọrọ lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà, ó sì dákẹ́, ó ń wò ó bí ó ti ń pọn omi fún ràkúnmí 10, iṣẹ́ tí kì í ṣe kékeré. Àwọn ará ilé Rèbékà sì bi í léèrè bóyá yóò lọ, òun fúnra rẹ̀ ni ó dáhùn. Èyí dùn mọ́ wa, nítorí a ti rí ilé onígbàgbọ́ tí a kò ti bi ọmọ léèrè. Lóde òní, orí ẹ̀rọ alágbèéká ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti ń wá olólùfẹ́, a kò sì bú wọn. A ti so irú wọn pọ̀ ní ìgbéyàwó tí ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò lè sọ fún yín bí ẹni náà ti ń bá ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nígbà tí inú bá ń bí i. Ẹ wá ẹni tí yóò wádìí fún yín.

Ní ti ìwòsàn, ẹ má fi ẹkún yín pamọ́ fún Ọlọ́run. Ìwé Orin Dáfídì kún fún ẹkún. Bí oorun bá sì kọ̀, tàbí tí ọkàn bá ń ro ikú bí ti ọmọdékùnrin Òṣoògùn, ẹ sọ fún ẹnìkan ní ọjọ́ náà gan-an, kí ẹ sì tọ oníṣègùn lọ. Kì í ṣe àìgbàgbọ́.

Àwa pẹ̀lú ti ṣìṣe nínú ọ̀ràn yìí. Arábìnrin kan wà nínú ìjọ tí a ti ṣiṣẹ́ rí, ọjọ́ orí rẹ̀ ń lọ, kò sì ní ọkọ. Ní ìdúpẹ́ ọdọọdún ni a máa ń pè é síwájú, a ó gbàdúrà lé e lórí lójú gbogbo ènìyàn, wọn yóò sì ké Àmín kíkan. Ní ọdún kan, kò jáde. A ránṣẹ́ pè é, ó wá, ó kúnlẹ̀, ó wí pé, “Bàbá, ẹ má bínú. Ọdún 6 ni ẹ ti ń bá mi tọrọ ọkọ. Bàbá mi kú ní oṣù Kẹta, kò sì sí ẹnìkan nínú ìjọ tí ó wá bá mi jókòó.”

A kò rí èsì fọ̀. Àwa ni a sin òkú bàbá rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, ìyá àwọn ọmọ wa àti àwọn ìyá 2 láti inú Ẹgbẹ́ Àwọn Ìyá gbé ẹ̀kọ àti ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ lọ sí ilé rẹ̀. Wọ́n dúró títí ilẹ̀ fi ṣú. Wọn kò mẹ́nu kan ọkọ.