Ṣé kẹ́ ẹ fi Khor Fakkan kún ìrìnàjò yín sí Dubai àti Sharjah?

Láti oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kọkànlá ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá máa ń forí lé Dubai. Àwọn tó wà ní London ń wá ibi tí oòrùn ṣì ń ràn nígbà tí iléèwé bá fún àwọn ọmọ ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan níparí oṣù Kẹwàá. Àwọn ará Èkó ń fẹ́ lọ ra ọjà wọn bọ̀ kí owó ọkọ̀ òfuurufú ìgbà Kérésì tó gbówó lórí. Àwọn ìdílé mìíràn sì ń fi Dubai ṣe ibi ìpàdé: bàbá àti ìyá á ti Èkó wá, àwọn ọmọ á ti Peckham wá. Ètò wọn kì í sábà ju ìlú méjì lọ: Dubai fún ìran wíwò àti ọjà, Sharjah nítorí pé òtẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ kò wọ́n tó ti Dubai, tàbí nítorí pé ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò kan ń gbé níbẹ̀. Nígbà tí ètò bá fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ni ẹnìkan á béèrè pé, ṣé a ò ní lọ sí etíkun ni?

Ẹlòmíì á ní kí ni wọ́n tún ń wá, ṣebí etí òkun ni Dubai fúnra rẹ̀ wà, tí Jumeirah àti Al Mamzar sì wà níbẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n etíkun tí mò ń sọ kọ́ nìyẹn. Nínú àwọn ìpínlẹ̀ méje tó di UAE, Sharjah nìkan ló fojú kan òkun méjì. Ìlú Sharjah gan-an wà létí òkun Gulf bíi Dubai, àmọ́ Khor Fakkan, Kalba àti Dibba Al-Hisn, tí wọ́n jẹ́ ti Sharjah bákan náà, wà lẹ́yìn Òkè Hajar, níbi tí wọ́n ti dojú kọ òkun Oman.

Èmi ò ní fi èrò mi pa mọ́. Bí ìrìnàjò yín bá bọ́ sí àárín ìparí oṣù Kẹwàá sí ìparí oṣù Kọkànlá, ẹ yọ ọjọ́ kan kúrò nínú ti Dubai, kẹ́ ẹ sì sùn mọ́jú ní Khor Fakkan tàbí Kalba. Bó bá jẹ́ oṣù Kẹsàn-án lẹ fẹ́ lọ, ẹ fi etíkun yẹn sílẹ̀. Inú omi ni ìdí rẹ̀ wà.

Òkun méjì tí kò jọra

Òkun Gulf kò jìn rárá. Bí a bá pín ibi tó jìn àti ibi tí kò jìn dọ́gba, jíjìn rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mítà 35 lọ, ibi tó sì jìn jù níbẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mítà 90. Aṣálẹ̀ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ yí i ká tán. Ọ̀nà omi tóóró kan ṣoṣo, Hormuz, ló so ó mọ́ agbami. Omi tí a bù sínú àwo pẹrẹsẹ tí a gbé sí oòrùn kò ní pẹ́ gbóná bíi ti inú ìkòkò ńlá, bí ọ̀rọ̀ Gulf sì ṣe rí gan-an nìyẹn. Nínú oṣù Kẹjọ, ojú omi tó wà níwájú Dubai máa ń gbóná tó ìwọ̀n 33 Celsius tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù Keje ọdún 2020, ìwọ̀n 37.6 ni wọ́n bá nínú omi etíkun Kuwait, tó wà ní orí òkun yìí kan náà. Ooru yẹn ju ti ara ènìyàn lọ. Ẹni tó bá wọ irú omi bẹ́ẹ̀ kí ara lè tù ú, ńṣe ni ooru á tún kún ti ara rẹ̀. Bí oòrùn ti ń fa omi náà lọ, iyọ̀ ń ṣẹ́kù sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí omi Gulf fi ní iyọ̀ ju ti òkun tí a mọ̀ ní Badagry lọ.

Òkun Oman yàtọ̀. Ara Òkun Íńdíà ló jẹ́, jíjìn rẹ̀ sì ju 3,000 mítà lọ láwọn ibì kan. Omi tútù wà nísàlẹ̀ rẹ̀, nígbà tí atẹ́gùn bá sì gbá omi ojú lọ, ti ìsàlẹ̀ á gòkè wá rọ́pò rẹ̀. Mi ò sọ pé omi Khor Fakkan tutù o. Òun náà máa ń gbóná nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àmọ́ ó ní ibi tí ooru rẹ̀ lè gbà lọ, Gulf kò ní.

Kí ló dé tí ooru fi ń pẹ́ kó tó lọ?

Ohun tó ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà ni pé wọ́n ń fi oṣù tí wọ́n mọ̀ ní London díwọ̀n Dubai. Ní nǹkan bí ọjọ́ kejìlélógún tàbí ìkẹtàlélógún oṣù Kẹsàn-án, ọ̀sán àti òru a di ọgbọọgba, agbára oòrùn á sì ti máa dín kù. Ṣùgbọ́n omi kì í tètè gbóná, kì í sì í tètè tutù. Gbogbo ooru tí òkun ti kó jọ láti oṣù Kẹfà, díẹ̀díẹ̀ ló ń dá a padà. Nínú oṣù Kẹsàn-án, ooru ọ̀sán ní Dubai ṣì máa ń tó nǹkan bí ìwọ̀n 39. Ní oṣù Kẹwàá ó máa ń sún mọ́ 36, nígbà tó bá sì fi di oṣù Kọkànlá, nǹkan bíi 31 ni. Ooru Ìbàdàn nínú oṣù Kejì ju ti oṣù Kọkànlá yẹn lọ dáadáa.

Ìwọ̀n ooru nìkan kọ́ ló ń dá ènìyàn lágara níbẹ̀. Òógùn tó bá gbẹ lára ènìyàn ló ń gbé ooru ara lọ. Nígbà tí òkun bá gbóná, ó ń tú ọ̀rinrin sínú afẹ́fẹ́, atẹ́gùn ọ̀sán á sì gbé ọ̀rinrin náà wọ ìlú. Òógùn ò ní lè gbẹ mọ́, á kàn máa ṣàn. Ìdí nìyẹn tí alẹ́ oṣù Kẹsàn-án ní Dubai fi lè ni ènìyàn lára ju ọ̀sán lọ, tí dígí ojú á bo fún ìrì bí ènìyàn bá ṣe jáde kúrò nínú ilé tó ní ẹ̀rọ amúlétutù. Òfin UAE fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí i: láti ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà sí ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú òṣìṣẹ́ ṣiṣẹ́ nínú oòrùn láti aago méjìlá ààbọ̀ sí aago mẹ́ta ọ̀sán. Bí òṣìṣẹ́ tó ti mọ́ lára kò bá gbọdọ̀ dúró sí ìta nígbà yẹn, kí ni ẹ fẹ́ gbé àwọn ọmọdé àti ìyá arúgbó lọ ṣe lórí iyanrìn?

Àwọn apẹja àti darandaran ilẹ̀ náà ní òṣùwọ̀n tiwọn, tó ti wà kí ẹ̀rọ tó dé. Ìràwọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Suhail máa ń yọ lójú ọ̀run ní ìdájí láti nǹkan bí ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ, wọn a sì máa ka ọjọ́ láti orí rẹ̀. Ooru kì í lọ lọ́jọ́ tó yọ. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kógbá sílé. Nígbà tó bá fi di àárín oṣù Kẹwàá, sáà tí wọ́n ń pè ní Wasm á wọlé, tí òjò kọ̀ọ̀kan lè bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Tó bá jẹ́ èmi, kàlẹ́ńdà wọn yìí ni n óò gbà gbọ́ ju ìwé ìpolówó òtẹ́ẹ̀lì lọ.

Ọ̀nà tó gba inú òkè kọjá

Láyé ọjọ́un, ẹni tó bá ń lọ sí Khor Fakkan láti ìlú Sharjah á máa pọ́n òkè, á sì máa rọ́ kọ́rọ́. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2019, Ṣéìkì Sultan bin Muhammad Al Qasimi tó ń ṣàkóso Sharjah ṣí ọ̀nà tuntun tó gùn tó kìlómítà 89, tó sì gba abẹ́ òkè kọjá lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ìrìn náà kò tó wákàtí kan mọ́ báyìí bí ojú ọ̀nà bá mọ́. Láti ibùdókọ̀ Al Jubail ní Sharjah, ẹ lè wọ bọ́ọ̀sì lọ sí etíkun náà, àmọ́ bí ẹ bá pọ̀, ẹ háyà ọkọ̀.

Ibi tí wàhálà wà gan-an ni àárín Dubai sí Sharjah. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Al Ittihad lè jẹ wákàtí kan lára yín láìtíì kúrò nílùú. Láàárọ̀, Dubai ni gbogbo ọkọ̀ ń lọ. Nírọ̀lẹ́, Sharjah ni wọ́n ń padà sí. Nítorí náà, ó sàn kẹ́ ẹ sun Sharjah kẹ́ ẹ tó lọ sí etíkun, torí òdìkejì ibi tí èrò ń lọ lẹ ó máa lọ láàárọ̀. Ẹ má sì kù gìrì jáde kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọ̀rinrin tí òkun tú jáde máa ń di kùrukùru lórí aṣálẹ̀ tó ti tutù lóru, ọkọ̀ sì máa ń forí sọ ara wọn nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí oòrùn tú u ká ná.

Ohun tó wà níbẹ̀

Òkè dúdú tó gbẹ fúrúfúrú ló dúró sẹ́yìn Khor Fakkan, omi aláwọ̀ aró ló wà níwájú rẹ̀, ìlú sì há sáàárín. Mi ò mọ ibòmíràn ní UAE tí òkè àti òkun ti súnmọ́ra tó bẹ́ẹ̀. Èbúté ńlá kan wà níbẹ̀ tó ti ń gba ọkọ̀ akẹ́rù láti nǹkan bí ọdún 1979, nítorí pé ọkọ̀ lè dé ibẹ̀ láìgba Hormuz kọjá. Ní ọdún 1507, Afonso de Albuquerque àti àwọn Pọtogí rẹ̀ kó ìlú náà, wọ́n sì dáná sun ún. Àwọn Pọtogí kan náà tí wọ́n sọ Èkó ní Lagos ni. Ẹni tó bá ti dúró ní etíkun Badagry rí yẹ kó dúró níbí náà, kó ro ohun tí ọkọ̀ ojú omi wọn gbé wọ àwọn ìlú etíkun méjèèjì.

Bí Mùsùlùmí bá wà nínú yín, ẹ má ṣe fo mọ́ṣáláṣí Al Badiyah. Kò jìnnà sí Khor Fakkan, àmọ́ ilẹ̀ Fujairah ló wà. Nǹkan bí ọdún 1446 ni àwọn onímọ̀ ka kíkọ́ rẹ̀ sí. Òkúta àti amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n, orí roboto mẹ́rin ló wà lórí òrùlé rẹ̀, òpó kan ṣoṣo ní àárín ló sì gbé e ró. Wọ́n ṣì ń kírun nínú rẹ̀. Ó kéré gan-an. Lójú mi, kíkéré yẹn gan-an ló jẹ́ kí ó wọni lọ́kàn ju gbogbo ilé gíga Dubai lọ.

Kalba wà ní gúúsù, ó sì dákẹ́ rọ́rọ́. Igbó ẹ̀gbà wà ní etí ọ̀sà rẹ̀, irú èyí tí àwọn ará Ìlàjẹ mọ̀ dáadáa, níbi tí ẹja kéékèèké ti ń dàgbà. Láti ọdún 2013 ló ti wà lára àwọn ilẹ̀ àbàtà tí àdéhùn àgbáyé Ramsar ń dáàbò bò. Irú ẹyẹ apẹja kan ń gbé inú igbó náà tó ṣọ̀wọ́n gidigidi láyé. Ẹ rọra sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ẹ má sì ju ọ̀rá sílẹ̀.

Ohun tó lè ba ìrìn jẹ́

Òkun tó ní omi jíjìn ní ewu tirẹ̀. Omi ìsàlẹ̀ tó ń gòkè máa ń gbé oúnjẹ wá fún àwọn ohun abẹ̀mí wẹ́wẹ́ inú omi, tí wọ́n á fi pọ̀ débi pé omi á di pupa tàbí àwọ̀ ilẹ̀. Ní ìparí oṣù Kẹjọ ọdún 2008, irú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè Dibba. Ó gba etíkun náà kan, ó wọ inú Gulf, nǹkan bí oṣù mẹ́jọ ló sì lò. Ẹja kú lọ bẹẹrẹ, àwọn ilé iṣẹ́ kan tó ń yọ iyọ̀ kúrò nínú omi òkun sì ní láti dá iṣẹ́ dúró. Bí ẹ bá débẹ̀ tí omi pọ́n, tó ń rùn, ẹ má wọ̀ ọ́.

Ìjì líle tún wà. Oṣù Karùn-ún sí Ìkẹfà àti oṣù Kẹwàá sí Ìkọkànlá ni ìjì máa ń gbéra ní Òkun Lárúbáwá. Ọ̀pọ̀ jù lọ kì í dé UAE. Ṣùgbọ́n Gonu ba etíkun Kalba àti Fujairah jẹ́ ní oṣù Kẹfà ọdún 2007, Shaheen sì wọ ilẹ̀ Oman ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá ọdún 2021. Òjò lásán náà tó ohun tí à ń bẹ̀rù, torí òkúta kì í mu omi. Ní oṣù Keje ọdún 2022, òjò ọjọ́ méjì tó ju mìlímítà 250 lọ rọ̀ ní Fujairah, ẹ̀kún omi bo Fujairah àti Kalba, ènìyàn méje sì kú. Láti ọdún 2023, ẹni tó bá wa ọkọ̀ wọ àfonífojì tí omi ń ṣàn nínú rẹ̀ á san 2,000 dírámù, wọ́n á sì gba ọkọ̀ rẹ̀ fún 60 ọjọ́.

Ilẹ̀ Sharjah ni Khor Fakkan àti Kalba, nítorí náà òfin Sharjah ló múlẹ̀ níbẹ̀: kò sí ọtí, kódà ní òtẹ́ẹ̀lì, aṣọ ìwẹ̀ tó ṣí ara sílẹ̀ kò sì tọ́ ní etíkun gbogbogbòò. Ẹni tí èyí kò bá bá lára mu lè wọ̀ sí òtẹ́ẹ̀lì ní apá Fujairah, òkun kan náà ni. Ní tèmi, ìbàlẹ̀ ọkàn àwọn ìdílé tó wà létíkun Sharjah tó mi.

Bí ẹ ó ṣe tò ó

Oníwèé ìrìnnà Bìrìtìkó á gba físà bó bá ti balẹ̀. Oníwèé ìrìnnà Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gbà á kó tó kúrò nílé, òfin rẹ̀ sì ń yí padà: wọ́n dá físà náà dúró ní ọdún 2022, wọ́n tún ṣí i ní oṣù Keje ọdún 2024, Emirates sì padà sí Èkó ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún náà. Bí ìwé ìrìnnà yín kò bá jẹ́ irú kan náà, ẹ dúró kí físà gbogbo yín jáde kẹ́ ẹ tó sanwó òtẹ́ẹ̀lì etíkun, kẹ́ ẹ sì mú èyí tí wọ́n á dá owó rẹ̀ padà.

Bí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá bá rọ̀ yín lọ́rùn, àkókò yẹn ni Sharjah sábà máa ń ṣe ìpàtẹ ìwé rẹ̀ tí gbogbo ayé ń wá, èyí tó ti wà láti ọdún 1982. Ẹ fi ọjọ́ kan wo ìwé ní Expo Centre, kẹ́ ẹ gba etíkun lọ lọ́jọ́ kejì. Láti oṣù Kìíní ọdún 2022, Jímọ̀, Sátidé àti Sọ́ńdè ni ìsinmi òṣìṣẹ́ ìjọba Sharjah, nígbà náà sì ni etíkun máa ń kún. Ẹ lọ láàárín Mọ́ńdè sí Tọ́sìdeè. Ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, ẹ wo ohun tí iléeṣẹ́ ojú ọjọ́ UAE, NCM, bá sọ nípa òjò àti ìgbì òkun Oman. Bí wọ́n bá ní kò dára, ẹ gba owó òtẹ́ẹ̀lì padà, kẹ́ ẹ sì lo ọjọ́ náà ní Sharjah.