Bí A Ti Í Padà sí Ìwọ̀ Sísọ ní Etí Ọ̀sà

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn tí a bí ní Ìkòròdú, ní Ẹ̀pẹ́, ní Bàdágìrì àti ní àwọn ìletò tí ó wà ní etí ọ̀sà ni ó ti mọ ìwọ̀ sọ láti ìgbà èwe wọn. Oko, òwò tàbí iṣẹ́ ìjọba ni ó gba ìwọ̀ kúrò lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí ọjọ́ bá lọ, tí ara bá ń fẹ́ ìsinmi, tàbí tí ẹja bá wọ́n lọ́jà ju agbára ilé lọ, ọkàn wọn a tún máa fà sí etí omi. Èyí kì í ṣe ohun ìtìjú. Ìhìnrere Jòhánù sọ fún wa pé Símónì Pétérù pàápàá padà sí ẹja pípa lẹ́yìn àjíǹde Olúwa, ó sì ṣe làálàá ní gbogbo òru láìrí ẹyọ kan mú, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ bíbí inú iṣẹ́ náà ni. Ọwọ́ tí ó mọ iṣẹ́ lánàá nìkan kò tó. Ẹni tí ó ti pẹ́ kúrò létí omi gbọ́dọ̀ kọ́ omi náà lẹ́ẹ̀kejì kí ó tó sọ ìwọ̀ sínú rẹ̀.

OMI Ọ̀SÀ. Ọ̀sà kì í ṣe odò, kì í sì í ṣe òkun. Àwọn méjèèjì ni ó pàdé nínú rẹ̀. Odò Ògùn, odò Ọ̀ṣun àti àwọn odò kéékèèké ń gbé omi tí kò níyọ̀ wá láti òkè. Òkun sì ń ti ẹnu ọ̀nà Èkó wọlé pẹ̀lú iyọ̀ rẹ̀. Nígbà òjò, pàápàá láti Oṣù Kẹfà títí di Oṣù Kẹwàá, omi odò a borí, ọ̀sà a sì di rírú, iyọ̀ rẹ̀ a sì dínkù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti Oṣù Kejìlá títí di Oṣù Kẹrin, omi òkun a wọ inú jìnnà. Ẹja a sì máa ṣí tẹ̀lé omi. Kúta àti àwọn ẹja òkun mìíràn a máa wọlé nígbà iyọ̀. Àrọ̀ a máa fà sẹ́yìn sí ẹnu odò àti àbàtà. Ọ̀sà Lẹ́kì, tí ó wà ní ìhà ìlà oòrùn Ẹ̀pẹ́, kì í níyọ̀ púpọ̀ ní gbogbo ọdún. Nítorí náà, ibi kan náà tí ó kún fún ẹja ní Oṣù Kejì lè ṣófo ní Oṣù Kẹjọ, kì í sì í ṣe ẹ̀bi ìwọ̀.

Àmì kan wà tí ojú lè rí. Ewéko tí ń léfòó, tí ó ní òdòdó aláwọ̀ àlùkò, tí ó sì wọ ilẹ̀ Nàìjíríà láti ọ̀nà omi Bàdágìrì ní 1984, kò lè fara da iyọ̀. Nígbà tí ó bá tutù yọ̀yọ̀ tí ó sì bo omi, omi odò ni ó wà níbẹ̀. Nígbà tí ó bá ń pọ́n tí ó sì ń kú, iyọ̀ ti dé.

ÌYÍPADÀ ETÍ OMI. Ẹni tí ó fi ogún ọdún sílẹ̀ kò gbọdọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé ìrántí rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi, a ti fi yanrìn dí etí ọ̀sà, ilé sì ti wà lórí rẹ̀. Ní ibòmíràn, a ti wa yanrìn kúrò nínú omi, kòtò sì wà nísàlẹ̀ tí ojú kò rí. Ibi tí ó jẹ́ omi orúnkún nígbà náà lè jẹ́ omi tí ó bo ènìyàn mọ́lẹ̀ lónìí. Kí ó kọ́kọ́ bi àwọn tí ń gbé ibẹ̀ léèrè. Kí ó sì lọ nígbà tí omi bá fà, kí ó lè rí bí ilẹ̀ ti rí, ibi tí òkúta wà, àti ibi tí igi rírì lè kọ́ okùn rẹ̀.

ÒṢÙPÁ ÀTI OMI. Lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sán àti òru kan ni omi ń kún tí ó sì ń fà. Lójoojúmọ́, wákàtí rẹ̀ ń fi nǹkan bí 50 ìṣẹ́jú sún síwájú. Bí omi bá kún ní aago 6 òwúrọ̀ lónìí, lọ́la yóò kún ní nǹkan bí aago 6 kọjá 50 ìṣẹ́jú. Ní ọjọ́ keje sí òní, yóò súnmọ́ ọ̀sán gangan. Nígbà tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, àti nígbà tí ó bá di àràn-mọ́jú, kíkún omi a ga jù, fífà rẹ̀ a sì jìnnà jù. Nígbà tí òṣùpá bá jẹ́ ìlàjì, ìrìn omi a rọlẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní kàlẹ́ńdà tí ó fi ọjọ́ òṣùpá hàn ti ní ìmọ̀nà. Kí ó rántí pé bí a bá ti ń jìnnà sí ẹnu òkun, bẹ́ẹ̀ ni omi ń pẹ́ kí ó tó kún, agbára rẹ̀ a sì máa dínkù, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ní Ẹ̀pẹ́ díẹ̀ ni a ń rí i.

Omi tí ń rìn ni ẹja fi ń jẹun, nítorí pé ó ń gbé edé àti ohun jíjẹ káàkiri. Wákàtí méjì tí ó ṣáájú kíkún àti wákàtí kìíní tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í fà ni ọ̀pọ̀ apẹja fẹ́ràn jù. Nígbà tí omi bá dúró jẹ́ẹ́, kí apẹja jẹun tirẹ̀.

OHUN ÈLÒ. Ìwọ̀ tí ó ti dípẹtà kò yẹ ní lílò. Okùn ọ̀rá tí ó ti pẹ́ nínú oòrùn a máa gbó láìfi hàn. Kí a fà á pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, bí ó bá já, kí a jù ú nù sí ibi tí ẹyẹ kò ti ní kọ́ sí i. Nígbà tí a bá ń ta okùn mọ́ ìwọ̀, kí a fi omi rin kókó náà kí a tó fà á le, nítorí gbígbẹ a máa jó okùn. Ọ̀pá ọparun kan, okùn, òjé díẹ̀ àti ìwọ̀ oríṣi méjì ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Ẹnu ẹpìyà kéré, ìwọ̀ kékeré ni ó yẹ ẹ́, pẹ̀lú ekòló tàbí búrẹ́dì tí a pò. Ọ̀bọ̀kún ń jẹun nísàlẹ̀. Kí òjé mú ìwọ̀ kan ilẹ̀, kí edé tàbí ẹja tí a gé sì jẹ́ ìdẹ rẹ̀. Àrọ̀ a máa jẹ lálẹ́. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: ẹni tí ń fa okùn ní gbogbo ìgbà ń lé ẹja ni.

ÌTỌ́JÚ ARA. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá lọ, kí ó má sì ṣe dúró létí omi nígbà tí àrá bá ń sán. Ọ̀bọ̀kún ní ẹ̀gún mẹ́ta, ọ̀kan ní ẹ̀yìn àti ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì; aṣọ ni kí a fi dì í mú. Bí ẹ̀gún tàbí ìwọ̀ bá gún ènìyàn, kí ó fi omi mímọ́ àti ọṣẹ wẹ ojú rẹ̀, kí ó sì lọ sí ilé ìwòsàn nítorí àrùn ipá. Nínú omi tí kò níyọ̀ tí ó sì dákẹ́, ìgbín kéékèèké wà tí ó ń gbé kòkòrò àrùn tí ń mú kí ènìyàn tọ ẹ̀jẹ̀. Kí a má ṣe wọ irú omi bẹ́ẹ̀ láìní ìdí, kí a má sì ṣe tọ̀ sínú rẹ̀, nítorí ìtọ̀ aláìsàn ni ó ń mú àrùn náà tàn. Ẹni tí ó bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ fi pamọ́, nítorí ìwòsàn wà. Kí a má ṣe pẹja níbi tí ìdọ̀tí ìlú tàbí ti ilé iṣẹ́ ńláńlá ń ṣàn sí.

ẸJA TÍ A MÚ. Ẹja kì í dúró de oòrùn. Kí a tètè yọ ìfun rẹ̀, kí a fi sí abẹ́ ìbòòji pẹ̀lú ewé tútù, kí a sì sè é tàbí kí a yan án ní ọjọ́ náà.

Nínú ẹpìyà ọ̀sà, akọ ni ó ń gbé ẹyin àti ọmọ wẹ́wẹ́ sí ẹnu rẹ̀ títí wọn yóò fi lè dá wẹ̀. Bí a bá rí ẹyin ní ẹnu èyí tí a fà jáde, kí a yára dá a padà sínú omi pẹ̀lú ọwọ́ tútù. Bẹ́ẹ̀ ni kí a ṣe sí èyí tí kò tíì dàgbà. Àwọn àgbẹ̀ mọ oògùn kòkòrò kòkó tí a ń pè ní Gamalin. Àwọn kan wà tí wọ́n dà á sínú omi láti pa ẹja. Irú rẹ̀ ń pa ọmọ ẹja pẹ̀lú ìyá rẹ̀, ó sì ń wọ inú ẹni tí ó jẹ ẹ́. Ìwọ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀: ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni ó ń mú, ó sì ń fi ìyókù sílẹ̀ fún ọjọ́ mìíràn.

Kí ọjọ́ kìíní ìpadàbọ̀ jẹ́ ọjọ́ wíwò nìkan, láìsí ìwọ̀ lọ́wọ́. Kí ó kọ wákàtí tí omi kún àti ìgbà tí ó fà sílẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ìwé kékeré náà yóò di olùkọ́ rẹ̀. Bí ó bá sì rí i pé omi dídára yóò bọ́ sí wákàtí ìsìn ní ọjọ́ Olúwa, kí ó má bínú. Ní ọjọ́ Sátidé, omi kan náà yóò ti kún ní nǹkan bí 50 ìṣẹ́jú ṣáájú wákàtí yẹn. Kí ó lọ ní ọjọ́ náà, kí ẹja wà nínú ìkòkò kí agogo ìjọ tó lù.