Bí Fóònù Alágbèéká Ṣe Ń Ṣiṣẹ́

Bí o bá wọ ọkọ̀ ní Ìjù tí o ń lọ sí Sáǹgó, tí o sì ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ ní Ìbàdàn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, o lè rò pé ohùn rẹ ń fò tààrà lọ bá a. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Fóònù ọwọ́ rẹ kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Òpó onírin gíga tí ó wà ládùúgbò ni ó ń bá sọ̀rọ̀.

Rédíò ni fóònù yìí. Ó ń sọ ohùn rẹ di ìgbì. Òpó a gbà á, a sì tari rẹ̀ sí ibi tí wọ́n ti ń darí ìpè. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ òpó tí ẹ̀gbọ́n rẹ wà lábẹ́ rẹ̀, nítorí pé gbogbo fóònù tí a kò bá pa ni ó máa ń jẹ́ kí wọ́n mọ ibi tí ó wà. Kódà bí ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ bá jókòó sí yàrá kan náà, ọ̀rọ̀ yín yóò kọ́kọ́ rin ìrìn àjò yìí ná.

Kí ló dé tí wọn kò fi ri òpó ńlá kan ṣoṣo mọ́lẹ̀ fún gbogbo Ọ̀tà? Ọgbọ́n iṣẹ́ náà nìyẹn. Ìgbì tí ó wà nílẹ̀ kò pọ̀, bí ẹni méjì bá sì lo ọ̀kan náà pọ̀ lójú kan, ọ̀rọ̀ yóò dàrú. Nítorí náà wọ́n pín ilẹ̀ bí ẹni pín oko, wọ́n fún abala kọ̀ọ̀kan ní òpó tirẹ̀. Ìgbì tí wọ́n lò ní Ìjù, wọ́n lè tún un lò ní abala mìíràn tí ó jìnnà díẹ̀. Láti 1947 ni wọ́n ti ro èyí ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ó di oṣù August 2001 kí GSM tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Bí ọkọ̀ rẹ ṣe ń lọ, fóònù ń wo òpó tí agbára rẹ̀ pọ̀ jù. Òpó ẹ̀yìn a fi ọ́ lé ti iwájú lọ́wọ́, o kò sì ní mọ̀. Ní Ìdírókò, ó lè mú òpó àwọn ará Benin pàápàá, nítorí pé ìgbì kò mọ ẹnubodè.

Òpó kan kò lè gba gbogbo èrò lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyí tí ìpè fi máa ń ṣòro nígbà tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ bá jáde níbi iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Irin tún ń dí ìgbì lọ́nà. Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀ nínú iléeṣẹ́ tí a fi páànù kọ́, tí fóònù kò sì lọ, má ṣe dúró ti ẹ̀rọ kí o máa tẹ̀ ẹ́. Sáré bọ́ síta. 112 ni kí o pè. Fóònù rẹ yóò gba orí òpó iléeṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ èyíkéyìí tí ó bá rí, bí owó tilẹ̀ ti tán lórí rẹ̀.